Fóònù tẹ́ẹ́rẹ́ àti fóònù kíki lẹ́nu iṣẹ́ kajú

Fóònù kíki tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ń pè ní búlọ́ọ̀kù ló ṣì wà lápò mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fóònù mi kejì, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, rẹwà jù ú lọ fíìfíì. Kóró kajú ni mo máa ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ lọ́nà Ìkòyí àti káàkiri Oríire, tí mo ń kó wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Inú oòrùn àti eruku ni mo ti lo àwọn méjèèjì. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n. Ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, gíláàsì ni ẹ̀yìn rẹ̀, OLED, irú ojú tó ń tan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, ni ojú rẹ̀. Èkejì ki, rọ́bà lẹ́yìn, LCD olówó pọ́ọ́kú, tí iná ń tàn láti ẹ̀yìn rẹ̀, lójú, bátìrì ńlá 6,000 mAh nínú.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi oòrùn bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni búlọ́ọ̀kù ti ń dójú tì mí. Lọ́sàn-án gangan nínú oṣù Kẹta, tí àgbẹ̀ dúró ti òṣùwọ̀n, tó ń retí owó rẹ̀, ńṣe ni ojú fóònù náà máa ń ṣú dùdù. Àfi kí n ṣí fìlà, kí n fi bò ó, kí n tó rí nọ́ńbà àkáǹtì. Bàbá kan wò mí títí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé inú fìlà lowó ọ̀hún wà ni?" Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, ó ń bọ̀." Fóònù tẹ́ẹ́rẹ́ kò bá mi ṣe irú eré yẹn rí. Ojú rẹ̀ mọ́ rekete nínú oòrùn, mo sì ń rí gbogbo òdo tó wà nínú owó kí n tó fi ránṣẹ́.

Àmọ́ kó tó ṣí ńkọ́? Abẹ́ ojú rẹ̀ ni ibi ìtẹ̀ka wà. Ìmọ́lẹ̀ ló ń tàn sí ìka, tó sì ń ya àwòrán rẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣa kajú mọ̀ pé omi èso rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, eruku á tún lẹ̀ mọ́ ọn. Mo máa ń nu ìka mọ́ ṣòkòtò, n ó tẹ̀ ẹ́, kò gbà. N ó tún un tẹ̀, ó di ọ̀rọ̀ páásíwọ́ọ̀dù. Ti búlọ́ọ̀kù wà lára bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́. Òun náà kì í fẹ́ ọwọ́ tútù, ṣùgbọ́n àtàńpàkò mi mọ ibẹ̀ láìwò ó, bí ọwọ́ kejì tilẹ̀ di ẹnu àpò mú.

Fóònù tẹ́ẹ́rẹ́ kò ní ihò yápíìsì. Apple ló yọ ọ́ kúrò lára iPhone 7 lọ́dún 2016, Samsung náà sì yọ ọ́ kúrò lára Galaxy Note10 lọ́dún 2019. Àyè inú fóònù ni wọ́n ń dù. Ó yé mi, ṣùgbọ́n wáyà yápíìsì yẹn ni eriali rédíò FM. Búlọ́ọ̀kù ń gbé Parrot FM fún mi lójú ọ̀nà láìná kọ́bọ̀ dátà. Tẹ́ẹ́rẹ́ kò tilẹ̀ ní rédíò.

IP68, àmì bí fóònù ṣe lè dènà eruku àti omi tó, ni wọ́n kọ sára páálí tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹẹ́fà yẹn ni ti eruku, òun sì ni ìpele tó ga jù. Ẹẹ́jọ ni ti omi. Nígbà ọyẹ́, mo jẹ́rìí rẹ̀, ihò ṣájà nìkan ni mò ń gbọn. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pa, ṣá o. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní Sábó sọ fún mi pé òun ní láti fi iná yọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kí òun tó dé ìdí bátìrì, òun ò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé omi ò ní wọ̀ ọ́ mọ́ lẹ́yìn náà. Ẹ̀yìn gíláàsì tí wọ́n fi ń polówó ńkọ́? Ó ń yọ̀, inú páùṣì ló ń gbé.

Síìmù méjì àti mẹ́mọ́rì wọ búlọ́ọ̀kù pọ̀. Síìmù méjì péré ni tẹ́ẹ́rẹ́ gbà. Kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ dáa jù, kò lérò nínú.

Bátìrì ló parí ìjà. Tí wọn ò bá mú iná wá lóru, búlọ́ọ̀kù ṣì ń bá mi lọ sóko láàárọ̀, á sì bá mi dé. Ojú tó ṣú, fìlà á bá mi ṣe é. Tí fóònù bá kú nígbà tí àgbẹ̀ ti wọn kóró tán, kí ni n ó fi bò ó? Ìyàwó mi ló ń lo tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lábẹ́ òrùlé, nítòsí sọ́kẹ́ẹ̀tì, kò sì rí àbùkù kankan lára rẹ̀.