Second-Class Citizen: ọkọ ló jó ìwé, ìyá ló dun òǹkọ̀wé jù

Ẹni tó bá ti gbọ́ díẹ̀ nípa ìgbésí ayé Buchi Emecheta, òǹkọ̀wé Second-Class Citizen, kò ní pẹ́ mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ ni Adah, obìnrin tí ìtàn dá lé lórí nínú ìwé yìí, tó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1974, tí ilé-iṣẹ́ Penguin sì tún tẹ̀ ní ọdún 2021. Èkó ni wọ́n bí Emecheta sí ní 1944, àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìgbò láti Ibusa. Bàbá rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè kú nígbà tó ṣì kéré. Ó relé ọkọ ní ọmọ ọdún 16, ó bá ọkọ náà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, ó sì kó jáde tọmọtọmọ ní 1966, pẹ̀lú oyún ọmọ karùn-ún.

Ibi tí àwọn ènìyàn máa ń mẹ́nu bà jù ni ibi tí Francis, ọkọ Adah, ti dáná sun ìtàn tí ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ kọ sínú ìwé ọmọ iléèwé mẹ́rin. Òórùn bébà tó ń jóná ló pàdé obìnrin náà nígbà tó wọlé. Ó ṣẹlẹ̀ sí Emecheta bẹ́ẹ̀ gan-an, àtúnkọ ìtàn tó jóná náà, The Bride Price, kò sì jáde títí di 1976. Síbẹ̀, ìbínú òǹkọ̀wé bo Francis mọ́lẹ̀ jù. A rí i pé ó ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò, pé kò fẹ́ ṣiṣẹ́, pé ọwọ́ rẹ̀ yá sí lílu ìyàwó, ṣùgbọ́n a kò rí ohun tó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Èmi kò dá òǹkọ̀wé lẹ́bi, nítorí ta ni yóò máa bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tó jó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀? Àmọ́ ìdajì kejì ìwé náà dà bí ẹjọ́ tí ẹnìkan ṣoṣo ń rò.

Ìyá Adah ni ó kọ tó di ènìyàn. Nígbà tí ọmọ náà sá lọ sí iléèwé láìsọ fún ẹnikẹ́ni, àwọn ọlọ́pàá mú ìyá rẹ̀ lọ sí àgọ́, wọ́n po gààrì sínú abọ́ ńlá, wọ́n ní àfi kó mu ún tán. Ìyá ń mu, ikùn ń wú, ọmọ tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ń ké nítòsí. Lẹ́yìn ikú bàbá, arákùnrin ọkọ ṣú ìyá yìí lópó, wọ́n sì mú Adah lọ sìn nílé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Ọmọ kò dárí jì í, ṣùgbọ́n kò lè gbójú kúrò lára rẹ̀ pẹ̀lú. Ikú bàbá àti opó ṣíṣú kan náà ló tún padà wá nínú The Bride Price, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ọgbẹ́ ìyá pẹ́ lára Emecheta ju ti ọkọ lọ.

Gẹ̀ẹ́sì inú Second-Class Citizen kò le, ó sì yẹ ní rírà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Adah ṣe gbé lẹ́yìn tó kúrò nílé ọkọ lè ka In the Ditch tẹ̀ lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní 1972 ni ìyẹn ti jáde.