MGB àbí Triumph Spitfire? Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbọ́ tẹnu ẹni tí ìpẹtà ti jẹ lówó

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ oníjókòó méjì tí ẹ óò máa gbé jáde bí oòrùn bá ràn, orúkọ méjì ni wọn yóò máa dá fún yín: MGB tí wọ́n ṣe ní Abingdon, àti Triumph Spitfire tí wọ́n ṣe ní Coventry. Ọdún 1962 ni àwọn méjèèjì jáde. Ọdún 1980 ni àwọn méjèèjì dópin, lábẹ́ British Leyland, Leyland kan náà tó ń to ọkọ̀ akẹ́rù n'Íbàdàn nígbà kan. Bí wọ́n ṣe rí lójú àti bí wọ́n ṣe ń sáré tó, ẹ ti mọ̀ ọ́n, n kò ní tún un sọ. Mo ní MGB GT, ìyẹn èyí tó ní òrùlé, fún ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta. Spitfire 1500 ló wà ní gáréèjì tí mo háyà báyìí. N óò gbìyànjú láti má ṣe ojúsàájú.

Bọ́dì

Ibí ni ogun wà, ibí ni n óò sì pẹ́ sí jù.

MGB kò ní ṣáṣì. Bọ́dì rẹ̀ náà ni egungun rẹ̀. Ohun tó so iwájú ọkọ̀ náà mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ni sílì, irin gígùn tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún lósì. Sílì yìí kì í ṣe irin kan ṣoṣo. Tìta wà, tinú wà, irin pẹlẹbẹ kan dúró láàárín wọn bí ògiri yàrá, òmíràn tí wọ́n ń pè ní castle rail sì wà nísàlẹ̀ tó gbé gbogbo wọn. Inú wọn ṣófo. Òjò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí àti iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù, ẹ̀yìn táyà iwájú ni wọ́n ń gbà wọ ibẹ̀. Bí ògiri bá ti lanu, aláǹgbá kì í kan ilẹ̀kùn. Láti inú ni ìpẹtà ti ń jẹ ẹ́ bọ̀ níta. Nígbà tí ẹ bá fi máa rí ihò bí ojú abẹ́rẹ́ lójú ọ̀dà, inú ti di àádùn.

GT tí mo rà, pupa ni, ó ń dán gbinrin. Ọkùnrin tó tà á fún mi ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ sílì rẹ̀ méjèèjì ni. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó, mo rí sílì tuntun lóòótọ́, wọ́n sì ti fi ọ̀dà dúdú ra abẹ́ rẹ̀, ó nípọn bí ẹ̀kọ tó dì. Mo bi í léèrè ìwé MOT, ìyẹn ìwé àyẹ̀wò ọdọọdún tó ń fi hàn pé ọkọ̀ yẹ lójú títì. Ó ní ọkọ̀ náà kò nílò rẹ̀. Òótọ́ ló sọ: láti oṣù karùn-ún ọdún 2018, ọkọ̀ tó bá ti lé ní 40 ọdún, tí wọn kò sì yí i padà kọjá ààlà, kò pọn dandan kó ṣe MOT mọ́. Mo mi orí, mo sanwó. Kò sọ sí mi lọ́kàn pé ohun tí òfin sọ ni pé kò pọn dandan, òfin kò sọ pé èèwọ̀ ni. Ǹ bá ti ní kí a jọ gbé e lọ ṣe MOT ná, kí n san owó rẹ̀ lápò ara mi. Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà ni mo tó gbé e lọ. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò fi irin ọwọ́ rẹ̀ gún ibì kan lẹ́yìn táyà iwájú, irin náà sì wọlé ṣùù bí ọ̀bẹ tó bọ́ sínú ọ̀lẹ̀lẹ̀.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan, wẹ́dà, ará Ẹ̀gbá, tó ní ṣọ́ọ̀bù lábẹ́ afárá rélùwéè ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ó gé díẹ̀ kúrò lára sílì tuntun náà, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

"Àbúrò, wá wo nǹkan."

Wọ́n kàn fi sílì tuntun bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀ ni. Ti àtijọ́ ṣì wà nínú rẹ̀, tàbí kí n sọ pé erùpẹ̀ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ògiri àárín ti jẹ tán. Nísàlẹ̀ fẹ́ńdà ẹ̀yìn, fílà ni wọ́n dì sí gbogbo ibẹ̀ (kì í ṣe fìlà tí à ń dé o, èyí tí pánẹ́ẹ̀lì-bítà fi ń dí ihò ni).

"Ṣé ẹ lè tún un ṣe, ẹ̀gbọ́n?"

"A ó tún un ṣe. Owó ńkọ́?"

£3,900 ni mo ra ọkọ̀. £4,350 ni mo san kí sílì méjèèjì tó padà bọ̀ sípò. Ẹ̀gbọ́n náà kò fi ọ̀bẹ ẹ̀yìn jẹ mí níṣu, mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé mẹ́rin, mo rí ohun tó ṣe. Kí ọwọ́ tó lè dé sílì MGB dáadáa, ẹ óò tú fẹ́ńdà iwájú kúrò, ẹ óò sì gé ìsàlẹ̀ fẹ́ńdà ẹ̀yìn, nítorí pé sílì náà gba abẹ́ àwọn méjèèjì kọjá. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun pààrọ̀ sílì, ẹ bi í ní ìbéèrè kan péré: ṣé ẹ yọ fẹ́ńdà? Bó bá ní rárá, ìbòrí ló fi bò ó. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, fọ́tò dà?

Ẹ mú òòfà kékeré dání, kí ẹ fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ wé e kó má baà ha ọ̀dà, kí ẹ sì fà á lọ láti iwájú sílì dé ẹ̀yìn. Níbi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́, fílà ni. Lẹ́yìn náà, ẹ ti jáàkì bọ ibi tí wọ́n ti ń gbé e, kí ẹ gbé e sókè díẹ̀, kí ẹ wá ṣí ilẹ̀kùn. Bí ilẹ̀kùn bá há, tàbí tí àlàfo etí rẹ̀ yí padà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ olóhun, kí ẹ máa lọ sílé. Ó yá hàn lára èyí tí kò ní òrùlé. Lára GT, òrùlé ń ran bọ́dì lọ́wọ́, ó sì ń ran olùtà lọ́wọ́ pẹ̀lú.

Spitfire ní ṣáṣì tirẹ̀, bọ́dì kàn jókòó lé e ni, nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi dè é mọ́ ọn. Àwọn kan á sọ fún yín pé nítorí èyí, ìpẹtà sílì Spitfire kò ṣe nǹkan. Irọ́ ni. Ṣáṣì náà tín-ín-rín láàárín, sílì ló ń bá a gbé ẹrù, apá irin tó di táyà ẹ̀yìn mú sì wà lára bọ́dì, kò sí lára ṣáṣì. Ẹ wo ibi tí apá yẹn ti wọ bọ́dì, lẹ́yìn ìjókòó. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ nìyí: kò fi àrùn pa mọ́. Bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ àti fẹ́ńdà iwájú, ẹyọ kan ni wọ́n, ó sì ń dojú dé iwájú lódindi. Ẹ ṣí i, ẹ rí iwájú ṣáṣì, ẹ rí ẹ̀yìn táyà, ẹ rí ibi tí sílì ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tí mo rà ní ihò mẹ́ta. Mo rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí n tó sanwó, mo sì fi ná an.

Kílọ́ọ̀ṣì

Kí ẹ tó pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì MGB, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ jáde. Kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ẹ óò háyà ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé ẹ́ńjìnnì, ẹ óò da omi rèdíétọ̀ nù, ẹ óò wá ẹni tí yóò bá yín dì í mú. Ti Spitfire, inú ọkọ̀ ni ẹ óò jókòó sí: ẹ yọ ìjókòó àti kápẹ́ẹ̀tì, ẹ tú ìbòrí tó wà láàárín, gíà á sì gba inú ọkọ̀ jáde. Èmi àti àbúrò ìyàwó mi ṣe é láàárín Sátidé àti Sọ́ńdè, a sì tún rí àyè lọ síbi ìkómọ.

Ẹ́ńjìnnì

MGB ló borí níbí, n kò ní jiyàn. Ẹ́ńjìnnì 1798 cc yẹn, pàápàá èyí tó ní bíárín márùn-ún láti ìparí 1964, bí ẹ bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò, yóò sìn yín pẹ́. Ti Spitfire ní àléébù kan tí ẹ gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò: àwọn irin pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n ń pè ní thrust washer, tí kì í jẹ́ kí kíráńkì, irin gígùn tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, máa lọ síwájú sẹ́yìn. Bí wọ́n bá jẹ tán, wọ́n lè já bọ́ sínú ọ́ìlì, kíráńkì á wá máa jẹ ara ẹ́ńjìnnì. Ẹ ní kí ẹnì kan tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ̀yin wo púlì tó wà níwájú ẹ́ńjìnnì. Bí ojú yín bá rí i pé ó ń rìn lọ síwájú, ẹ gbé owó yín. Ẹ́ńjìnnì 1500 kò sì fẹ́ kí ẹ máa lé e fún wákàtí púpọ̀ ní ọ̀nà márosẹ̀, torí náà ẹ wá èyí tó ní overdrive, gíà àfikún tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yí jù bí ọkọ̀ bá ń sáré.

Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni mo fi yẹ púlì yẹn wò. Sílì MGB gba ju ọ̀sẹ̀ méje lọ kí n tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Gíríìsì àti ọ́ìlì

Kingpin iwájú MGB, irin tí táyà iwájú fi ń yà, ń fẹ́ gíríìsì ní gbogbo máìlì 3,000. Trunnion iwájú Spitfire, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, kò fẹ́ gíríìsì rárá, ọ́ìlì gíà EP90 ló ń mu. Ẹni tó bá fi gíríìsì dí i, ìpẹtà á wọ inú rẹ̀, lọ́jọ́ kan táyà á ṣẹ́ sábẹ́ ọkọ̀ níbi tí ẹ ti ń yà. Bi olùtà pé kí ló ń fà sínú rẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ á sọ bó ṣe tọ́jú ìyókù.

Àwọn nǹkan kéékèèké

Ẹ̀yà ara wà fún àwọn méjèèjì. MGB pọ̀ jù, wọ́n ṣe ju 500,000 lọ, ilé iṣẹ́ British Motor Heritage ní Witney sì ń tẹ bọ́dì tuntun odindi fún un, èyí tó sọ fún yín bí bọ́dì àtijọ́ ṣe ń ṣe.

Wáyà: ẹ ha gbogbo ibi tí áàsì (wáyà tó ń dá iná padà) ti kan bọ́dì kó mọ́, ìdajì wàhálà ti tán.

Epo: láti oṣù kẹsàn-án 2021, E10, tí wọ́n lú ethanol (irú ọtí kan) mọ́, ni epo lásán ní ilẹ̀ yìí. Ẹ ra super, tí ethanol rẹ̀ kéré, kí ẹ sì pààrọ̀ ọ̀pá rọ́bà àtijọ́ tí epo ń gbà.

Spitfire tó ṣáájú Mk IV ti 1970, ẹ̀yìn rẹ̀ lè ṣe jàgídíjàgan níbi kọ́nà. Ẹ ra Mk IV tàbí 1500.

MGB onírọ́bà níwájú, láti ìparí 1974, àwọn èèyàn ń sá fún un. Owó rẹ̀ dẹ̀, ó kàn ga díẹ̀ ni.

Lọ́ńdọ̀nù: ọkọ̀ méjèèjì ti lé ní 40 ọdún, wọn kò san owó títì, ULEZ, owó tí Lọ́ńdọ̀nù ń gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ pọ̀, kò sì kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ óò ní kí DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, yí i sí historic (ọkọ̀ àtijọ́), kì í yí fúnra rẹ̀.

Èwo wá ni kí ẹ rà?

Méjèèjì ló dára. Bí ẹ bá ga, tí ẹ ń rin ọ̀nà jíjìn, tí ẹ ní wẹ́dà tó jẹ́ ìbátan, tí olùtà sì kó fọ́tò sílẹ̀ níbi tí fẹ́ńdà ti wà nílẹ̀, ẹ ra MGB, ẹ ò ní kábàámọ̀. Bí ọ̀kan nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí kò bá sí, Spitfire wà níbẹ̀.

GT mi ńkọ́? Mo tà á lọ́dún tó kọjá, £5,500. Mo to fọ́tò iṣẹ́ wẹ́dà náà sínú fáìlì, mọ́kànléláàádọ́ta. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó rà á ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí wàhálà, ó ní pupa yẹn ló wu òun.