Igbó Ọ̀ṣun àbí Igbó Ọmọ: èwo ni kí ẹgbẹ́ lọ wo ewéko?

Bí àgbà àti ọmọdé bá wà nínú ẹgbẹ́ yín, Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni kí ẹ mú. Nǹkan bíi hẹ́kítà 75 péré ni, ọjọ́ kan tó o, oríṣi ewéko ibẹ̀ sì lé ní 400, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ewé oògùn. Igbó òrìṣà ni o, ẹ má ṣe já ewé kankan.

Igbó Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn tóbi jù ú lọ fíìfíì, erin ṣì ń rìn níbẹ̀. Ó gba amọ̀nà, ó gba bàtà gidi. Ó dùn mí pé àwọn agégẹdú àti olóko kòkó ti jẹ ẹ́ wọnú. Síbẹ̀, tó bá jẹ́ ọ̀dọ́ ni gbogbo yín, ẹ lọ síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.