Àyẹ̀wò jíìnì fún jẹjẹrẹ: màmá ni kó ṣáájú ni, àbí ọmọ?

Bí jẹjẹrẹ ọmú bá mú màmá, tó tún mú àbúrò wọn, ta ni kó kọ́kọ́ ṣàyẹ̀wò: màmá tó ń gbàtọ́jú nílé ìwòsàn LUTH, Ìdí-Àràbà, àbí ọmọ tára rẹ̀ le?

Bí màmá bá ṣáájú, tiwọn ló máa wọ́n jù, torí odindi BRCA1 àti BRCA2, ìyẹn jíìnì méjì tí à ń jogún, tí àbùkù wọn lè fa jẹjẹrẹ ọmú, ni wọ́n máa yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n bí àbùkù bá hàn, ojú ibẹ̀ nìkan ni wọ́n máa wò lára ọmọ, lọ́kùnrin lóbìnrin. Owó á dínkù. Bí wọn ò bá sì rí i, ọmọ náà ò jogún rẹ̀ nìyẹn.

Bí ọmọ bá ṣáájú, kì í yọ màmá lẹ́nu. Àmọ́ bí wọn ò bá rí nǹkan kan, ẹ má tíì sinmi o! Jíìnì mìíràn lè wà nídìí jẹjẹrẹ màmá.

Bí màmá bá gbà, kí tiwọn ṣáájú. Bí wọn ò bá fẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fipá mú wọn. Nígbà náà, tàbí bí wọ́n bá ti dolóògbé, kí ọmọ ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ bá onímọ̀ràn nípa jíìnì jókòó, kó mú orúkọ àwọn tí jẹjẹrẹ ti mú nínú ẹbí dání, pẹ̀lú ọjọ́ orí tó ti mú wọn.