Kinder Scout: etí òkè ni àbí àárín?

Láti abúlé Edale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà Jacob's Ladder tó gun òkè Kinder Scout ní àtẹ̀gùn òkúta. Tí o bá gùn ún tán, yà sí àríwá, kí o máa tọ etí òkè lọ títí dé Kinder Downfall, níbi tí omi ti ń já bọ́ láti nǹkan bíi mítà 30. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, wàá rí Manchester.

Àárín ni ṣóńṣó gan-an wà, mítà 636, ṣùgbọ́n ó tẹ́jú débi pé kò sí ìran kankan níbẹ̀. Ẹrẹ̀ dúdú ni, pẹ̀lú kòtò àgbàrá tó jìn ju ènìyàn lọ. Láìsí kọ́ńpáàsì, wàá kàn máa yí po ni. Má tẹ ewéko tútù yọ̀yọ̀ tó wà níbẹ̀ o, omi ló wà lábẹ́ rẹ̀. Etí òkè la fara mọ́, àfi tí ilẹ̀ bá gbẹ dáadáa.