Live location ti WhatsApp àti ti Google Maps: bí mo ṣe ń lò wọ́n fún ọjà àti fún ọmọ

Àdìrẹ ni mo ń tà n'Ìbàdàn, àwọn ọlọ́kadà ló sì ń bá mi gbé e lọ sílé oníbàárà. Ẹni tó bá mọ ìlú yìí mọ̀ pé àdírẹ́ẹ̀sì wa kì í sábà ní nọ́ńbà. "Ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Ọjọ́ọ̀, ẹ kọjá mọ́ṣáláṣí, ẹ yà sọ́wọ́ òsì níbi tí wọ́n ti ń la pákó, kẹ́ ẹ wá bèèrè ilé Alhaja." Ọlọ́kadà á máa yí kiri, epo á máa jó, oníbàárà á máa pè mí, inú á sì máa bí gbogbo wa. Lokéṣọ̀n orí fóònù ló gbà mí lọ́wọ́ wàhálà yẹn.

WhatsApp ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Oníbàárà á fi lokéṣọ̀n ilé rẹ̀ ránṣẹ́, màá taari rẹ̀ sí ọlọ́kadà, òun náà á sì tan live location sí mi kí n lè máa rí bó ṣe ń lọ. Ìṣẹ́jú 15, wákàtí kan, tàbí wákàtí 8: mẹ́ta yìí péré ni wọ́n ní ká mú. Tí àkókò bá ti pé, ó kú fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù. Ọmọ ọlọ́mọ tó bá mi gbé ẹrù kò gbọ́dọ̀ ṣì wà lójú mi lálẹ́ tó bá ti darí sílé. Láti 2017 tí wọ́n ti gbé e jáde ni wọ́n sì ti tì í pa láti fóònù kan dé èkejì, tó fi jẹ́ pé àwọn tó wà nínú ìjíròrò náà nìkan ló lè rí i.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí bó ṣe péye sí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bú ọlọ́kadà láìnídìí. Àwọn sátẹ́láìtì GPS tó lé ní 24 ló ń yí ayé po, ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà sókè. Fóònù ní láti gbọ́ ohùn mẹ́rin nínú wọn kó tó lè mọ ibi tó wà dáadáa. Ní gbangba, kì í ṣìnà ju mítà díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù ní Gbági, lábẹ́ dẹ́kìn àti páànù, ohùn yẹn kì í wọlé, Wi-Fi àti máàsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà nítòsí ni fóònù á fi máa ṣírò. Ti máàsì lè fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà jìnnà sí òótọ́. Ẹ wo òbìrí búlúù tó yí àmì yín ká lórí máàpù: bó bá ṣe fẹ̀ tó ni kò ṣe dájú tó. Mo máa ń sọ fún oníbàárà pé kí wọ́n jáde sójú títì, kí wọ́n dúró títí òbìrí yẹn á fi súnkì, kí wọ́n tó fi ránṣẹ́.

Ti Google Maps ni mo ń lò fún ọmọ mi obìnrin tó wà ní yunifásítì l'Ékòó. Ẹ mọ ohun tí ojú òbí ń rí lásìkò tí ọmọ bá wà lọ́nà márosẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ajínigbé tó gba ìlú kan. Google máa ń fi iye bátìrì tó kù nínú fóònù ẹni náà hàn. Bí àmì rẹ̀ bá dúró lójú kan, bátìrì ni mo kọ́kọ́ ń wò. Tó bá jẹ́ pé ó ti lọ sílẹ̀ gan-an tẹ́lẹ̀, mo mọ̀ pé fóònù ló kú, ọkàn mi á sì balẹ̀ díẹ̀. Dátà tó ń jẹ kò tó nǹkan, bátìrì ló ń jẹ.

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni pé Google gba èèyàn láyè láti tàn án sílẹ̀ títí di ìgbà tó bá pa á. Ó rọrùn láti gbàgbé. Àwọn náà sì ní ìtàn lórí ọ̀rọ̀ yìí: ní 2018, ilé iṣẹ́ ìròyìn AP fi hàn pé wọ́n ń tọ́jú ibi tí èèyàn lọ bó tilẹ̀ ti pa Location History, ìyẹn ètò tó ń kọ ibi tí èèyàn lọ sílẹ̀, ní 2022 wọ́n sì gbà láti san $391.5 mílíọ̀nù fún ìpínlẹ̀ 40 l'Amẹ́ríkà. Nítorí náà, ẹ pa "Web & App Activity" náà mọ́ ọn nínú ètò àkáǹtì Google yín, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ nígbà yẹn.

Ápù ayánilówó kan ní àfi kí òun máa mọ ibi tí mo wà nígbà gbogbo. Kí ló kan owó kan ibi tí mo sùn? Mo yọ ọ́ kúrò. Láti Android 10 la ti lè yan pé kí ápù mọ ibi tí a wà nígbà tí a bá ń lò ó nìkan, Android 12 sì fi kún un pé a lè fún un ní àdúgbò lásán. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 náà fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ìyọ̀ǹda tí a ti fún wọn padà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé pípa lokéṣọ̀n ń fi òun pa mọ́ fún ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Fóònù tọ́ọ̀ṣì tí kò ní GPS ń bá máàsì sọ̀rọ̀, wọ́n sì mọ máàsì tó ń lò.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ní kí n bá òun tan Google Maps sórí fóònù ìyàwó àbúrò wa láìjẹ́ kó mọ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, n kò lè ṣe é." Ọ̀rọ̀ náà dun wọ́n, ṣùgbọ́n n kò yí i padà. Ẹni tó ń rìn ló yẹ kó máa tàn án, òun náà ló sì yẹ kó máa pa á. Bí ọmọ mi ṣe ń ṣe nìyẹn tó bá ti dé họ́sítẹ́ẹ̀lì, n kì í sì í bi í pé kí ló dé.

WhatsApp ni kẹ́ ẹ lò fún ọlọ́kadà àti fún ẹni tí ẹ kò mọ̀ dáadáa. Ẹ fi Google Maps sílẹ̀ fún ará ilé tó bá gbà. Tẹ́ ẹ bá ti ń lò ó tẹ́lẹ̀, ẹ tẹ fọ́tò yín lókè máàpù, ẹ wọ "Location sharing", kẹ́ ẹ ka orúkọ tó wà níbẹ̀. Ẹni tí ẹ kò bá rántí pé ẹ fún láyè, ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀.