Ilé aránṣọ kan ní Kétu tí wọn kì í fi àṣìṣe pamọ́
Nígbà tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan gé apá aṣọ mi kúrú ní ilé aránṣọ kan nítòsí Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, kò gbé e pamọ́, bí kò ṣe pé ó kúnlẹ̀ lójú mi, ó ní: «Ẹ má bínú, màmá, mo ṣì í gé.» Ọ̀gá rẹ̀ kò jágbe mọ́ ọn. Ó dáhùn pé: «O ṣeun tí o tètè sọ, jẹ́ ká jọ wò ó.» Ìwádìí Amy Edmondson ti Yunifásítì Harvard, èyí tó jáde ní 1999, fi hàn pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ọkàn wọn balẹ̀ láti sọ̀rọ̀ máa ń kẹ́kọ̀ọ́ dáadáa. Aṣọ mi fi ọjọ́ méjì pẹ́, èyí kò sì tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wọn ni n ó tún gbé aṣọ ọdún lọ.